Ọṣẹ Tí Kò Hó

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ọmọ mi àbíkẹ́yìn wọ ilé ìwẹ̀ lọ nínú ilé wa ní Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú, ó ṣí ṣáwà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà. Mo ń gbọ́ ìró omi náà bí ó ti ń dà lulẹ̀ láìsí ọwọ́ kankan tí ó ń bù ú. Ọmọ náà kọ orin kan tán, ó mú òmíràn, omi sì ń dà. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀wà. Nígbà tí ó jáde, mo sọ fún un pé iná tí a fi ń fa omi láti inú kànga-dẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ohun tí mo sọ nìyẹn, kì í ṣe ohun tí mo ń rò.

Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, nínú ilé tí ẹ̀rọ omi wà, ìdajì korobá ni mo fi ń wẹ̀, mo sì ń dúró sínú ọpọ́n bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tà lọ́jà. Wọ́n ní ahun ni mí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ìtàn tí ó wà nídìí rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bí a ti ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba, tí ọmọdé kì í sì í bu omi láìkọ́kọ́ wo ojú àgbà.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí àrùn kan wọ àárín àwọn ọmọdé ní àdúgbò wa ní Ìkòròdú. Ara wọn a kọ́kọ́ gbóná, lẹ́yìn náà a sú. Àwọn àgbà kì í dárúkọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni ó mú nínú ilé wa, èmi nìkan ni ó sì fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ lọ. Àbúrò mi obìnrin tẹ̀lé e kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Nígbà tí mo lè rìn dáadáa, ìyá mi di aṣọ mi, ó sì fi mí ránṣẹ́ sí ìyá tirẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, pé kí n lọ gba atẹ́gùn ọ̀sà. Ohun tí èmi gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ilé wa kò gba ọmọ mọ́, àti pé bí mo bá padà síbẹ̀, n óò kú. Kò sí ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ fún ara mi, mo sì gbà á gbọ́.

Ọkọ̀ ojú omi ni a wọ̀ lọ, èmi àti obìnrin kan tí ó jẹ́ ará ilé ìyá mi. A dúró ní Àgbówà kí wọ́n lè kó ẹ̀gẹ́ wọlé. Mo ki ọwọ́ bọ omi, obìnrin náà sì gbá a. “Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fi ìka rẹ pe ẹja wá jẹun ni?” Èyí ni mo rántí jù nínú ìrìnàjò náà.

Ilé Ìyá Àgbà kò jìnnà sí èbúté. Ẹja ni ó ń yan tà, òórùn èéfín ẹja sì wà lára ògiri, lára ẹní, àní lára irọ̀rí tí a ń gbé orí lé. Obìnrin gíga ni, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Bí ó bá bínú, ohùn rẹ̀ a rẹlẹ̀ dípò kí ó gòkè, ìyẹn ni a sì fi ń bẹ̀rù rẹ̀.

Omi mẹ́ta ni ó wà nínú ilé náà, wọn kì í sì í pàdé ara wọn. Omi mímu wà nínú àmù ní igun pálọ̀, níbi tí oòrùn kì í dé. Omi àlùwàlá wà nínú búta lẹ́bàá ibi tí Ìyá Àgbà ti ń kírun. Omi ìwẹ̀ wà nínú ìkòkò ńlá kan tí wọ́n rì dé ìdajì sínú iyanrìn lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀ tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí ká. Ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà a ki ọ̀pá kan bọ ìkòkò yìí. Ó ti fi ọ̀bẹ ṣá ọ̀pá náà ní ojú mọ́kànlá láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Yóò yọ ọ́, yóò wo ibi tí ó tutù dé, yóò sì mọ ohun tí olúkúlùkù wa fi wẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, ní Ẹ̀pẹ́ tí ọ̀sà wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ni a ń ṣọ́ omi sí? Èmi náà bèèrè. Ìyá Àgbà ní kí n dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní àkókò òjò, omi ọ̀sà dùn, a sì ń fi í wẹ̀ bí ó ti wù wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí àwọn odò tí ń ṣàn wọ inú ọ̀sà bá fà, iyọ̀ òkun a máa rìn bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀. Ojú omi kì í yí padà. Ó mọ́ gaara bí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fi í wẹ̀, ara a fún ọ, a máa yún ọ, ọṣẹ kì í sì í hó nínú rẹ̀, bí o tilẹ̀ fi gbogbo ọjọ́ bó o. Nítorí náà, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú ọ̀sà ni a ti ń fọ ìdọ̀tí ara kúrò, a ó wá sílé, a ó sì fi igbá omi kànga kan ṣoṣo ṣan iyọ̀ dànù. Igbá kan, kì í ṣe méjì. Ilé mẹ́ta ni ó ń lo kànga náà. Korobá mẹ́rin ni ilé kọ̀ọ̀kan ń fà ní òwúrọ̀, lẹ́yìn náà wọn a fi páànù bo ẹnu rẹ̀ kí omi lè tún sun.

Ọmọ kan ti wà nílé náà kí n tó dé. Ẹ́sítà ni orúkọ rẹ̀, ó sì fi ọdún méjì jù mí lọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ní abúlé kan tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú ọ̀sà. Òun ni ó ń kó ẹja wá fún Ìyá Àgbà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ó sì ti bẹ̀ ẹ́ kí ó gba ọmọ òun sọ́dọ̀ nítorí kò sí ilé-ìwé ní abúlé wọn. Mùsùlùmí ni Ìyá Àgbà, ọmọ ìjọ ni Ẹ́sítà, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ni ó máa ń jí i ní ọjọ́ Àìkú: “Dìde, àwọn ènìyàn rẹ ti ń lu agogo.”

Ẹ́sítà kò pe orúkọ mi rí. Ìkòròdú ni ó ń pè mí. Ní ọjọ́ kìíní tí mo wẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo da igbá omi mi lé orí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tán kí ó tó dé orúnkún. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú.

“Ìkòròdú, ilẹ̀ lo wẹ̀ fún. Ara rẹ ṣì ń dúró.”

Òun ni ó kọ́ mi. Ó ní kí n dúró sínú ọpọ́n. Ó ní kí n máa fi ife kékeré bu omi láti inú igbá, kí n rọra tú u sí ọrùn, kí n sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé e sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí mo fẹ́ kí ó dé, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ wọlé. Ife kan fún orí àti ojú, ọ̀kan fún apá ọ̀tún, ọ̀kan fún apá òsì, méjì fún àyà àti ẹ̀yìn, èyí tí ó kù fún ẹsẹ̀. Omi tí ó bá wà nínú ọpọ́n lẹ́yìn náà ni a fi ń fọ bàtà tàbí ilẹ̀, bí ọṣẹ inú rẹ̀ kò bá pọ̀ a ó dà á sí ìdí ata. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ. Òun lè wẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ìlàjì igbá sì ṣẹ́ kù, a sì máa gbé e wá fi hàn mí kí ó tó dà á padà sínú ìkòkò.

“Ẹ̀yin ará ilẹ̀,” ni ó wí lọ́jọ́ kan, “ẹ rò pé ẹni tó ń gbé orí omi ló lómi.” Ó sọ fún mi pé omi òjò ni wọ́n ń gbà pamọ́ fún mímu ní abúlé àwọn, àti pé bí ọmọdé bá ta omi dídùn sílẹ̀ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í nà án, ńṣe ni yóò jókòó tí yóò máa wò ó. Ó ní pàṣán sàn ju ìyẹn lọ.

Èmi kò tíì sí ní ilé-ìwé nígbà náà. Ìyá Àgbà ní kí ara mi kọ́kọ́ le. Bí Ẹ́sítà bá dé ní ọ̀sán, a máa fi ìka kọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ sórí iyanrìn tútù fún mi, yóò sì mú igi dání bí tíṣà. Ó fẹ́ràn ilé-ìwé débi pé, bí ara rẹ̀ bá ń gbóná, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ títí yóò fi dé ibẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an, àbúrò ìyá mi, tí a ń pè ní Àǹtí Sàlámọ̀, bí ọmọ ọkùnrin kan nínú ilé náà. Ẹ mọ bí wọ́n ti ń wẹ ìyá ọmọ àti ọmọ tuntun: omi gbígbóná fún ìyá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọmọ, kí a fi kànìnkànìn bó o, kí a tún fi omi mìíràn ṣan án. Ìyá Àgbà pe èmi àti Ẹ́sítà sẹ́yìnkùlé, ó sì nawọ́ sí ìkòkò.

“Omi inú èyí, ti ọmọ tuntun àti ìyá rẹ̀ ni. Ìdajì igbá ni tiyín láti òní. Ẹ gbọ́?”

“A gbọ́, Ìyá.”

Ẹ́sítà kò ráhùn. Èmi náà kò ráhùn. Ṣùgbọ́n ìdajì igbá kò tó mi láti ṣan iyọ̀ kúrò, ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, mo rí i tí nǹkan wẹ́wẹ́ sú jáde ní apá mi àti ní ọrùn. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ooru àti iyọ̀ ni. Nígbà náà, ohun tí mo rí ni ara ẹ̀gbọ́n mi àti ara àbúrò mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé bí mo bá lè fọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó rí i, yóò dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà wà lọ́jà, Àǹtí Sàlámọ̀ àti ọmọ rẹ̀ ń sùn, Ẹ́sítà sì ti lọ fọ agbọ̀n ẹja ní èbúté. Mo bu korobá omi kan kún dẹ́múdẹ́mú nínú ìkòkò ọmọ tuntun, mo gbé e wọ balùwẹ̀, mo sì wẹ̀. Ọṣẹ hó títí ó fi wọ̀ mí lójú. N kò dúró sínú ọpọ́n. N kò fi ọwọ́ lé omi. Mo dà á lé ara mi lórí bí olówó. N kò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo padà, mo bu korobá kejì.

Ìgbà tí mo ti nu ara tán ni ẹ̀rù tó dé. Mo ki ọ̀pá bọ ìkòkò. Ojú mẹ́ta gbáko ni omi fi lọ sílẹ̀. Ìyá Àgbà yóò sì dé kí ó tó di ìrọ̀lẹ́.

Kànga ti wà ní bíbò, ilé kejì sì ń ṣọ́ ọ. Ni mo bá mú korobá, mo gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń kan ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà. Omi náà mọ́. Mo wò ó, n kò rí ìyàtọ̀ kankan láàrin rẹ̀ àti èyí tí mo bù. Bí mo ti ń gbé e lé orí, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. Ẹ́sítà ni, pẹ̀lú agbọ̀n àti korobá tirẹ̀.

“Ìkòròdú, kí lo fẹ́ fi omi yẹn ṣe?”

“Mo fẹ́ fi fọ balùwẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kí balùwẹ̀ wá mọ́ ju àwa tó ń wẹ̀ nínú rẹ̀ lọ!” Ó sì padà sídìí agbọ̀n rẹ̀.

Korobá méjì ni mo dà sínú ìkòkò. Nígbà tí Ìyá Àgbà dé tí ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, omi wà ní ibi tí ó fi í sí; omi ìwẹ̀ ìyá ọmọ fún ìrọ̀lẹ́ náà sì ti wà lórí ààrò láti òwúrọ̀. Mo sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ tuntun sórí wọn. Àǹtí Sàlámọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá Múfú, aládùúgbò wa tí kì í pẹ́ kí ó tó dé ibi tí nǹkan bá wà, dúró ti ògiri. Ìyá Àgbà fi kànìnkànìn bó ọṣẹ. Kò hó. Ó fi ọṣẹ kún un, ó tún bó o. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ilá, ṣùgbọ́n kò hó. Ọmọ ń ké, nítorí ìdodo rẹ̀ kò tíì jinná, omi náà sì ń ta á. Ìyá Àgbà bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ahọ́n kàn án. Lẹ́yìn náà ó dìde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ó lọ sídìí ìkòkò ńlá, ó tọ́ ti inú rẹ̀ wò.

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Ta ló da omi ọ̀sà sínú ìkòkò mi?”

Ìyá Múfú ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kì í bá ṣe ọmọ ará omi yìí? Ṣebí mo rí i ní èbúté lánàá tòun ti korobá. Omi iyọ̀ ni wọ́n bí wọn sí, kò yàtọ̀ lẹ́nu wọn.”

Gbogbo ojú yí sí Ẹ́sítà. Tèmi náà yí sí i, nítorí ibi tí gbogbo ènìyàn ń wò ni ọmọdé ń wò. Ó ti wọ aṣọ ilé-ìwé, síléètì rẹ̀ wà ní abíyá.

“Ẹ́sítà, ìwọ ni?”

“Èmi kọ́, Ìyá.”

“Ta ni nígbà náà?”

Ó wò mí. Kò pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú lọ. Ó ń dúró dè mí. Mo wo ilẹ̀. Òun náà sì wo ilẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun mọ́, bí Ìyá Àgbà ti bi í tó. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹni tí ń gbé ilé onílé kì í ro ẹjọ́ ọmọ ilé fún onílé. Àwọn àgbà kò mọ èyí. Wọ́n pe ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní oríkunkun, wọ́n sì pe oríkunkun náà ní ẹ̀rí.

A da omi ìkòkò náà nù. Ìyá Àgbà bẹ àwọn ilé méjì yòókù fún omi, ohun tí kò ṣe rí. Ó wá ránṣẹ́ nípasẹ̀ apẹja kan pé kí bàbá Ẹ́sítà, bí ó bá ń bọ̀ ní ọjọ́ ọjà, wá mú ọmọ rẹ̀ lọ. Títí di ọjọ́ náà, kò gbọdọ̀ lọ sí ilé-ìwé.

Ọjọ́ márùn-ún ni ó kù sí ọjà.

N kò lè sọ púpọ̀ nípa àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ́sítà ń gbálẹ̀, ó ń fọ agbọ̀n, ó ń fi ìdajì igbá rẹ̀ wẹ̀. Kò fi mí sùn, kò sì bá mi ṣeré. Ní àkókò tí agogo ilé-ìwé bá ń dún, ó máa ń dúró sí ẹ̀yìnkùlé, ó máa ń fi ìgbálẹ̀ fa ilẹ̀ ibi kan náà títí agogo yóò fi dákẹ́. Mo rí i. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá Ìyá Àgbà lórí ẹní ìkírun rẹ̀ láti sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ń fa etí ẹní náà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí lọ́rùn.

“Kí ló dé? Ṣé ara rẹ tún ń gbóná ni?”

“Rárá, Ìyá.”

Ó yẹ ọrùn mi wò, ó rí ohun tí ó sú níbẹ̀, ó ní ooru ni, ó sì fi àdí àgbọn pa á. Ó jinná kí ọjọ́ ọjà tó pé. Nítorí náà, ohun tí mo torí rẹ̀ wẹ̀ ti lọ. Ohun tí ó kù ni pé, bí mo bá jẹ́wọ́, wọn yóò dá mi padà sí Ìkòròdú, n óò sì kú níbẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo fi èyí wé kí Ẹ́sítà lọ sí ilé bàbá rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò kú. Bí mo ti rò ó nìyẹn. Ọmọdé pàápàá mọ bí a ti ń ṣírò.

Ní ọjọ́ ọjà, bàbá rẹ̀ dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀. Ènìyàn kúkúrú ni, apá rẹ̀ nípọn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní, “Mo dúpẹ́ ìtọ́jú,” ó sì lọ dúró sínú ọkọ̀. Ẹ́sítà wọlé lọ di ẹrù rẹ̀, kò ju ìdì kan lọ. Gbogbo wa sin wọn dé èbúté, Ìyá Múfú náà kò gbẹ́yìn.

Wọ́n ti tú okùn ọkọ̀ nígbà tí mo pariwo. N kò mọ̀ pé mo fẹ́ pariwo.

“Èmi ni mo dà á! Èmi ni mo da omi sínú ìkòkò!”

Ìyá Múfú ní, “Háà!” Ìyá Àgbà wò mí, ó wo Ẹ́sítà, ó sì wọ inú omi dé orúnkún pẹ̀lú ìró lára, ó di etí ọkọ̀ mú.

“Baba Ẹ́sítà, ẹ jọ̀ọ́. Àṣìṣe ni mo ṣe. Ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀.”

“Ìyá, mi ò bá yín jà,” ni ọkùnrin náà wí. “Ó ti sọ bó ṣe jẹ́ fún mi, nígbà tí ẹ lọ mú owó ẹja wá. Mo rò pé bóyá ẹnìkan á sọ ọ́ kí n tó tú okùn.” Ó gbé ọ̀pá ìtukọ̀ rẹ̀ sókè. “Ilé yín kún lọ́jọ́ tí ọṣẹ kò hó. Ọmọ tèmi ni ojú gbogbo yín kọ́kọ́ wá. Bí nǹkan mìíràn bá tún bàjẹ́ lọ́la, òun náà ni wọn á tún wá. Ẹ fi etí ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi, Ìyá.”

Ìyá Àgbà fi í sílẹ̀.

Ẹ́sítà jókòó sí iwájú ọkọ̀, ìdì rẹ̀ lórí itan. Ó wò mí dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ márùn-ún.

“Ìkòròdú, tó o bá tún fẹ́ fi omi tan èèyàn, kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín létí omi. Òun kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sunkún náà.

Ìyá Àgbà kò nà mí. Bí a ti ń gòkè bọ̀ láti èbúté, pẹ̀lú omi tí ń kán láti etí ìró rẹ̀, mo bi í ní ọjọ́ wo ni yóò dá mi padà sí Ìkòròdú. Ó dúró.

“Ta ló sọ fún ọ pé a ó dá ọ padà?”

Mo ronú. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́: “Ọmọ tí wọ́n bí sórí ọ̀sà. Báwo ni yóò ṣe rò pé omi iyọ̀ yóò dà bíi ti kànga? Ẹni tí kò mọ omi ló ṣe é. Ó yẹ kí n mọ̀.”

Láti ọjọ́ náà, bàbá Ẹ́sítà ń kó ẹja rẹ̀ fún obìnrin mìíràn ní ìkangun èbúté. Bí ó bá rí Ìyá Àgbà, a kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò tún mú ọmọ náà wá sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí mo wà níbẹ̀. Wọ́n fi mí sí ilé-ìwé lẹ́yìn tí ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, ilé-ìwé kan náà. Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, mo padà sí Ìkòròdú, n kò sì kú. Ọmọ tuntun ìgbà náà ti di ọkùnrin tí ó sanra, kò sì mọ̀ pé òun wẹ iyọ̀ rí.

Nígbà tí mo dàgbà, mo máa ń bi àwọn obìnrin Ìlàjẹ tí ń kó ẹja wá sí èbúté Ìkòròdú. Ọ̀kan sọ fún mi pé òun mọ Ẹ́sítà kan tí ó di olùkọ́. Òmíràn ní èyí tí òun mọ̀ kò mọ̀wé rárá, ẹja ni ó ń tà ní ìsàlẹ̀ létí òkun. Orúkọ náà pọ̀ láàrin wọn. N kò tẹ̀ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Púpọ̀ nínú ohun tí mo kọ yìí kò sí mọ́. Wọ́n ti fi kọnkéré di ẹnu kànga náà. Balùwẹ̀ tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ti di yàrá tí ẹnìkan ń háyà. Àwọn ọmọdé kò mọ̀ pé a lè fi àtẹ́lẹwọ́ lé omi, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. N kò rò pé ayé ìgbà yẹn dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Ara ń yún wa, àwọn ọmọdé sì ń kú. Ṣùgbọ́n ọ̀sà ṣì wà níbẹ̀, iyọ̀ ṣì ń wọ inú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láìyí àwọ̀ padà, nínú gbogbo ilé tí mo ti gbé láti ìgbà náà sì ni ẹnìkan ti wà tí ojú kọ́kọ́ máa ń yí sí.

Àwọn tí mo ti fi díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí tó létí a máa sọ fún mi pé mo ṣáà jẹ́wọ́ níkẹyìn, ọmọdé sì ni mí. Òótọ́ ni. Mo jẹ́wọ́ ní ọjọ́ karùn-ún. Bí mo bá ti sọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní, Ẹ́sítà ì bá ti lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ kejì.